Ọjọ́ Tí A Kó Àlejò Wa Lọ Pẹja ní Jẹ́bà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wá sí Ìlọrin láti ìlú Aberdeen, ní orílẹ̀-èdè Scotland. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí a ti fojú kan ara wa gbẹ̀yìn. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n ní láti lò pẹ̀lú wa. Kí wọ́n tó dé, mo ti jókòó ní yàrá ìdáná ilé bàbá wa ní GRA, mo sì ti kọ gbogbo ilé tí wọ́n gbọ́dọ̀ yà kí sí inú ìwé kan. Ilé mọ́kànlélógún ni. Àwọn kan wà ní Pàkátà, àwọn kan ní Gàmbàrí àti Adéwọlé, àwọn tó kù sì fọ́n ká láti Tánkẹ́ títí dé Ọ̀fà.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba àlejò láti òkè òkun rí yóò mọ ìdí tí mo fi kọ ìwé náà. Bí àlejò bá fo ilé kan, àwọn ará ilé náà kì í bínú sí àlejò. Ẹni tó wà nílé, tí kò mú un wá, ni wọ́n ń bínú sí. Àlejò yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú padà, èmi ni n óò máa pàdé wọn ní ibi ìsọmọlórúkọ àti ibi ìyàwó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, ẹ̀gbọ́n mi ṣí àpótí gbọọrọ kan. Mo rò pé ẹ̀bùn ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́ta ni mo rí, pẹ̀lú okùn, òjé, ìwọ̀ oríṣiríṣi, àti ṣòkòtò rọ́bà kan tí a ṣe mọ́ bàtà, tí ó ga dé àyà ẹni tó bá wọ̀ ọ́.

Ó ní, "Àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí a yọ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Jẹ́bà. Mo fẹ́ kí ọmọ yìí ju ìwọ̀ sínú odò Ọya."

Mo wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Mo wo Bàbá tí wọ́n ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀ láti inú yàrá. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi kí n tó lè kó o níjàánu: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹja lẹ wá kí ni, àbí Bàbá?"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìyàwó rẹ̀ dorí kodò.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja nìkan ni mo sọ yẹn. Láti ìgbà tí Màámi ti papòdà ní oṣù Keje ọdún 2016, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa ni a ń gbé pẹ̀lú Bàbá. Èmi ni mò ń ka oògùn wọn, èmi ni mò ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, kò jẹ́ kí ó pẹ́ rí. Ṣùgbọ́n owó kì í gbé ènìyàn dìde lórí ibùsùn ní òru. Màámi kú ní ìdájí, a sì sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹ̀sìn wa. Kò sí ẹni tó retí pé kí ẹ̀gbọ́n mi bá ìsìnkú náà. Fìdáù ọjọ́ kẹjọ ni mo ń retí rẹ̀ sí. Kò wá. Kò wá ní ogójì ọjọ́. Kò sì sọ ìdí tí kò fi wá. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú bí ẹni gbé òkúta mì.

Bàbá ló fọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Wọ́n ní, "Ẹ gbé àga mi sínú ọkọ̀. Èmi náà ń lọ."

Ó yẹ kí n sọ ohun tí Jẹ́bà jẹ́ fún Bàbá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n ń kọ́ dáàmù iná mànàmáná tí wọ́n ṣí ní ọdún 1985, iṣẹ́ ìjọba gbé Bàbá lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà náà. Èmi ṣì kéré gan-an. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn méjèèjì yóò wa ekòló sínú agolo, wọn yóò sì lọ jókòó sí etí odò. Bàbá kì í ṣe ẹni tó ń bá ọmọ ṣeré púpọ̀ nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi nígbà kan pé etí odò Ọya ni òun ti gbọ́ ẹ̀rín Bàbá jù lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, a gbéra lẹ́yìn ìrun Àsùbá. A ti béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní alẹ́ àná, a sì ti pinnu pé ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣú bá wa lọ́nà àbọ̀. Ọyẹ́ mú. Láti Ìlọrin dé Jẹ́bà kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀lé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Òkè Ọya mọ̀ pé kìlómítà nìkan kọ́ ni a fi ń wọn ọ̀nà. Ó ti tó wákàtí méjì ààbọ̀ kí a tó gba Bódè-Sáadù kọjá, tí a sì rí omi tó ń dán láàárín àwọn òkè.

Bàbá kò dákẹ́ mọ́ láti ìgbà yẹn. Wọ́n fi afárá ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n parí ní ọdún 1916 han ọmọ náà. Wọ́n sọ fún un pé ọwọ̀n ìrántí kan wà ní ìlú náà fún Mungo Park àti Richard Lander, àwọn òyìnbó tó wá ipa ọ̀nà odò Ọya kiri, àti pé odò yìí kan náà ni Park kú sí ní Bùsà, ní apá òkè, ní ọdún 1806. Ọmọ náà jókòó dáadáa. Ó ní òun mọ Mungo Park! Ère rẹ̀ wà ní ìlú Selkirk, ní Scotland, òun sì ti rí i. Lẹ́bàá odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Yarrow, nítòsí ìlú náà, ni wọ́n bí ọkùnrin náà sí. Bàbá wo ọmọ ọmọ wọn bí ẹni rí owó he. Wọ́n ní, "Nítorí náà, ará ìlú yín ló kọ́kọ́ wá sí ìlú wa wá wo omi. Ìwọ ni èkejì."

A bá apẹja kan, ọkùnrin Tápà tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, dúnàá-dúrà ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó rí ṣòkòtò rọ́bà ẹ̀gbọ́n mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní Scotland, inú odò gan-an ni àwọn apẹja máa ń dúró sí, tí omi yóò mù wọ́n dé ìbàdí. Apẹja wa ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán irú rẹ̀ wò níbí. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé bí wọ́n bá ṣí omi dáàmù sílẹ̀, odò lè ga lójijì láìsí òjò. Ìdí kejì ni àtọ̀sí ajá, àìsàn tí kòkòrò inú omi ń gbé wọ ara ènìyàn láti ara awọ. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹ̀gbọ́n mi ká ṣòkòtò rẹ̀ padà sínú àpótí. Òun àti ọmọ rẹ̀ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, tí a yá wá láti Ìlọrin, wọ́n sì bọ́ sínú ọkọ̀. Èmi, Bàbá àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jókòó sábẹ́ igi. Ọkọ̀ náà kò jìnnà sí wa. A ń gbọ́ ohùn wọn.

Ẹja àkọ́kọ́ tí ọmọ náà mú jẹ́ epìyà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Àwa tó wà létí odò pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà fi omi tutù ọwọ́ rẹ̀, ó rọra yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja náà, ó gbé e sílẹ̀ lójú omi, ó sì jẹ́ kí ó lọ.

Bàbá dìde lórí àga láìfi ọ̀pá tilẹ̀. "Kí ló ṣe yẹn? Ẹ pè é wá! Oúnjẹ ni ọmọ yìí dà sómi!"

Ọkọ̀ padà sí èbúté. Ojú ọmọ náà ti pọ́n. Pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí ìyá rẹ̀ ń bá a tún un ṣe, ó ṣàlàyé. Ní odò Dee, tó ṣàn wọ òkun ní Aberdeen, ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní salmon. Inú òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ odò ni wọ́n ti ń pa á lẹ́yin. Yóò gbé inú odò fún ọdún bíi méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà yóò lọ sí òkun, àwọn kan a máa lọ títí dé àyíká Greenland. Nígbà tí ó bá dàgbà, yóò padà wá sínú odò tí wọ́n bí i sí láti wá yé ẹyin tirẹ̀. Òórùn omi náà ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń padà wá ti dínkù gan-an. Nítorí náà, láti ọdún 1995 ni àwọn apẹja odò Dee ti ń dá èyí tí wọ́n bá mú padà sínú omi. Ọjọ́ Àìkú pàápàá, òfin Scotland kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti fi ìwọ̀ pa ẹja salmon.

Bàbá padà jókòó. Wọ́n ní, "Ẹja náà ń sinmi ọjọ́ Àìkú?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọmọ náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá wá sọ ohun tí èmi kò gbọ́ rí. Wọ́n ní kí wọ́n tó sé odò Ọya ní Kàínjì ní ọdún 1968, omi a máa kún bo bèbè nígbà àkúnya, ẹja a sì máa wọ inú koríko tí omi bò lọ láti yé ẹyin. Nígbà tí dáàmù dé, omi kò kún bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà apẹja tí Bàbá bá ní Jẹ́bà sọ fún wọn pé ẹja tí àwọn ń fi ọjọ́ kan pa tẹ́lẹ̀ ti di ẹja ọjọ́ mẹ́ta. Apẹja wa mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bàbá òun náà sọ. Ọmọ náà ní ní ìlú Pitlochry, níbi tí wọ́n ti sé odò, wọ́n ṣe àtẹ̀gùn fún ẹja, adágún kéékèèké mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n (34) tó ga jura lọ, kí salmon lè máa lúwẹ̀ẹ́ láti ọ̀kan dé èkejì títí yóò fi kọjá dáàmù.

"Àtẹ̀gùn fún ẹja," ni Bàbá ń tún sọ lábẹ́lẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin fún ọjọ́ náà: èyí tó kéré yóò padà sómi, èyí tí oyún wà níkùn rẹ̀ yóò padà sómi, èyí tó bá tó ìkòkò sè di tiwa. Ọmọ náà gbà. Apẹja gbà.

Bí wọ́n ṣe ń múra láti tún bọ́ sínú ọkọ̀, Bàbá kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Wọn kò gbé ohùn sókè. "Ẹja yẹn lọ sí òkun, ó padà wálé. Ìwọ ńkọ́, Àjàní?"

Mo retí pé kí ẹ̀gbọ́n mi sọ ohun tí gbogbo ará òkè òkun máa ń sọ: pé láìpẹ́, pé bí ọmọ bá ti jáde ilé ìwé, pé bí Ọlọ́run bá fẹ́. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Bàbá, n kò mọ̀." Bàbá mi orí. Mo rí i pé ìdáhùn náà dùn wọ́n, mo sì rí i pé wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí òtítọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá ọkọ̀ lọ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ sípò rẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn. Òun ju ìwọ̀ láti etí bèbè, mo sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá ti ń tòògbé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, kò sì wo ojú mi. Okùn tó wà nínú omi ló ń wò.

Ó ní nígbà tí Màámi kú, ìwé ìgbélùú òun ti parí, òun ti béèrè fún tuntun, kò sì tíì jáde. Bí òun bá fi ẹsẹ̀ kan kúrò nílùú, ìbéèrè náà ti ṣègbé nìyẹn; ìyàwó, ọmọ àti iṣẹ́ yóò wà níbẹ̀, òun yóò wà níhìn-ín. Ó ní ojú ti òun láti sọ ọ́, nítorí òun ti sọ fún gbogbo wa pé nǹkan òun ti tò.

"Ọjọ́ tí ẹ pè mí," ló wí, "mo jáde nílé, mo rìn títí mo fi dé etí odò Dee. O sọ fún mi pé kí oòrùn tó wọ̀ lẹ ó sin wọ́n. Mo ní èmi náà yóò dúró níbẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Nínú oṣù Keje, aago mẹ́wàá alẹ́ ń lọ lù kí oòrùn tó wọ̀ ní Aberdeen. Mo dúró, mo dúró. Bàbá òyìnbó kan ń pẹja níbẹ̀. Kò bi mí ní ohunkóhun. Nígbà tó yá, ó na ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ sí mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta ààbọ̀ pọ̀. N kò rí ọ̀kan mú jáde nínú rẹ̀. Mo da tíì láti inú fúláàsì sínú ife, mo gbé e fún un. Mo ní, "Ẹ mu ún kí ó má baà tutù."

Mo ti ronú púpọ̀ láti ìgbà náà lórí ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn kò fi jáde nínú ilé. Nínú ilé, bí ẹnu ọ̀nà bá ti dún, àlejò ti dé nìyẹn. Bí àlejò bá lọ, oúnjẹ ti jinná. Bí a bá jẹun tán, ó kù kí a jáde lọ kí ẹlòmíràn. Bí a bá sì ráyè jókòó, a ó kọjú síra wa bí ẹni wà ní kóòtù. Létí odò, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́, ojú wa wà lára omi, kò sì sí ẹni tó retí pé kí a sọ ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ náà rí àyè jáde.

Epìyà mẹ́fà àti ọ̀bọ̀kún méjì ni a gbé bọ̀ wálé, a sì ra púpọ̀ sí i lọ́wọ́ apẹja wa. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí a wọ GRA. Ní alẹ́ yẹn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi mú ìwé ilé mọ́kànlélógún náà, a jọ wò ó. Àwọn tí ara kò gbé mọ́, tí kò lè jáde, jẹ́ ilé méje; a lọ kí wọn ní ìsinmi, a sì gbé ẹja gbígbẹ lọ́wọ́. Àwọn yòókù ni a pè wá sí abẹ́ igi máńgòrò ilé wa ní ọjọ́ Àìkú. Ẹnì kan ṣoṣo ló bínú, òun náà sì jẹun yó kí ó tó lọ.

Kí wọ́n tó padà, a ṣàdéhùn pé ní Kejìlá tó ń bọ̀, a ó tún lọ sí Jẹ́bà. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020. Ní oṣù Kẹta, àrùn Kòrónà ti ti pápákọ̀ òfuurufú pa. Ọdún 2022 ni ẹ̀gbọ́n mi tó tún rí àyè wá, nígbà náà ara Bàbá kò gba ìjókòó wákàtí méjì nínú ọkọ̀ mọ́. Wọ́n ní kí a máa lọ, kí a mú ẹja bọ̀. A lọ, a mú ẹja bọ̀, ṣùgbọ́n àga wọn wà nílé. Nígbàkúùgbà tí mo bá rántí pé ìwé kan lásán ni mo fẹ́ fi dí ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn lọ́wọ́, ara mi a máa bù máṣọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń retí ẹbí láti ọ̀nà jíjìn, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ẹ fẹ́ kí, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ orúkọ kankan, ẹ yọ ọjọ́ kan sọ́tọ̀, kí ó sì jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó rẹ̀ wọ́n tó. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ibi tí àgbà ilé lè bá yín dé, tí ọwọ́ gbogbo yín yóò ti rí nǹkan ṣe. Bí ó bá jẹ́ odò, ẹ bá ọmọ odò náà ní àṣepọ̀, ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ẹ má ṣe súnmọ́ ìdí dáàmù, ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ gbé àga lọ fún Bàbá tàbí fún Màámi. Ẹ gbé tíì dání.